Àlàájì Tálákà àti Ìkòkò Aró Méje

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ wa n'Ítòkú lánàá, ká ní wọ́n rò ó fún mi ni, n ò ní gbà. Ojú mi báyìí ló ṣe.

Ẹ̀rọ omi àdúgbò ló bàjẹ́, a sì fẹ́ dáwó tún un ṣe. Láti ayé àwọn ìyá wa, ìkòkò aró ẹnu ọ̀nà la fi ń bu owó bẹ́ẹ̀: ẹni tí ìkòkò ẹ̀ bá pọ̀ ló ń san púpọ̀. Fàòsíyà aláró ní méje. Àlàájì Sàlàhúdíìnì, tó ń gbé ilé alájà mẹ́ta níwájú ẹ̀, kò ní ẹyọ kan. Wọn ò bu kọ́bọ̀ lé e.

"Baálẹ̀, ẹ gbà mí o!" Fàòsíyà ti kúnlẹ̀. "Kò sómi, aṣọ oníbàárà ń bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní bí n ò bá san ti méje, àwọn ó kó ìkòkò mi lọ. Kí lèmi àtọmọ ó wá jẹ? Omi ẹ̀rọ kan náà sì ni Àlàájì fi ń fọ mọ́tò kó tó bàjẹ́!"

"Àlàájì, ẹ fèsì."

"Baba, tálákà ni mí."

Pẹ̀lú agbádá léèsì lọ́rùn o! Ẹ ò rí i pé ojú kì í ti èèyàn mìíràn.

"Ilé yín ńkọ́?"

"Ti ọmọ-ọmọ mi ni."

"Ọmọ-ọmọ wo?"

"Wọn ò tíì bí i. Mo kàn ń bá a gbénú ẹ̀ kó má baà dá páropáro."

"Àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Ti àbúrò ẹ̀ ni."

Wọ́n pe ìyàwó ẹ̀, Bùsírátù, láti jẹ́rìí.

"Ilé wo? Èmi ni Àlàájì kọ́ ọ fún! Ó búra fún mi!"

"Bùsírátù, ibi tá a fi àdéhùn sí kọ́ nìyẹn!"

Gbémiga, ayálégbé Àlàájì, náà dìde. "Ẹ̀yin àgbà, n ò mọ ọmọ-ọmọ kankan o. Àlàájì ni mò ń sanwó fún. Ìgbà tó fi kún owó ilé, ó ní ilé òun ni, ó wu òun."

Olóyè Pamílẹ́rìn, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, wúkọ́. "Ẹ jẹ́ ká rọra. Bá a bá ń ka ilé kiri, àwọn olówó ó sá kúrò nílùú."

"Ṣé wọn ó ru ilé ọ̀hún lọ ni?" Baálẹ̀ bi í. Ó wá dájọ́:

"Mo gba Àlàájì gbọ́. Kó má san nǹkan kan. Àmọ́ ìlú kì í ní tálákà kó má ṣàánú ẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí lèmọ́ọ̀mù kéde pé Àlàájì ò ní nǹkan kan láyé mọ́. Kó gbé abọ́, kó wá tò fún sàká. Kí àwọn tó ń gbé ọjà fún un láwìn náà gbọ́, kí wọ́n lè bá wa kẹ́dùn."

"Láwìn kẹ̀?" Àlàájì fò dìde. "Baba, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́! Mo lówó! Mo nílé níbí, mo ní ní Kẹ́mta, mo ní lójú ọ̀nà Ìtòrì!"

"Ti ọmọ-ọmọ ńkọ́?"

"Baba ẹ̀ ò tíì níyàwó! Tèmi ni!"

"Kẹ́ ẹ san bí olówó nìyẹn. Láti òní lọ, òrùlé la ó máa kà, a ò ka ìkòkò mọ́."

Àlàájì sanwó lójú ẹsẹ̀. Fàòsíyà bú sẹ́kún ayọ̀. Baálẹ̀ wá yíjú sí ìgbìmọ̀ ẹ̀. "Pamílẹ́rìn, ìwọ ńkọ́? Ká wá abọ́ fún ẹ?"

Olóyè tọwọ́ bọ àpò. "Baba, èló ni ti òrùlé mẹ́rin?"