Igbá Orí Bàbá Ládépò

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí wọn kò bá bù fún yín níbi ìkómọ ni ẹ máa ń rántí rẹ̀. Ẹ súnmọ́ mi dáadáa, kí ẹ̀yin tí ẹ lóyún sì wá ibi tó rọ̀ jókòó, nítorí ìtàn yìí kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kó tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní abà Ìdí-Ìyeyè, láyé ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń gun kẹ̀kẹ́ kiri oko láti wo àwọn aláboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́, bàbá kan wà tó ń jẹ́ Ládépò. Ìbídùn ni ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọkọ Ìbídùn ti lọ síṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ó wá ku bàbá yìí, Ìbídùn tó lóyún ńlá sínú, àti ọmọ rẹ̀ Àkànmú, ọmọ ọdún mẹ́ta. Àkànmú yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù jù. Irun orí rẹ̀ ń pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kì í ṣeré mọ́. Ibi tí o bá gbé e sí náà ni wàá padà wá bá a.

Nọ́ọ̀sì wo ọmọ náà, ó fa ìpéǹpéjú Ìbídùn wálẹ̀ wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ìwọ fúnra rẹ," ló wí. "Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, kí ìwọ àti ọmọ yìí máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà ọ́ o, ṣùgbọ́n má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré."

Kì í ṣe pé kò sí oúnjẹ. Adìyẹ ń yé, odò kò sì jìnnà. Àmọ́ àṣà wọn ni pé àgbà ní í kọ́kọ́ jẹun, á ṣẹ́kù sínú igbá, ẹni tó gbé oúnjẹ wá sóko á ru igbá padà sílé, òun àti àwọn ọmọ á sì jẹ àjẹkù náà. Àṣà tó dára ni, bí àgbà bá ní ojú àánú. Bàbá Ládépò ní tirẹ̀, eyín ló ní.

Kò tiẹ̀ gbà pé wọ̀bìà ni òun. Ó ní ńṣe ni òun ń dáàbò bò wọ́n.

"Ọmọ tó bá jẹ ẹyin, olè ni yóò dà," á wí, á sì ju odindi ẹyin sẹ́nu. "Aboyún tó bá jẹ ìgbín, ọmọ rẹ̀ á máa da itọ́." Á gbé ìgbín mì. "Ẹja ń bí aràn nínú ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí n bá yín jẹ ewu náà."

Ẹ̀rù á ba Ìbídùn. Ó ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ń bẹ̀rù èèwọ̀, ó sì ń bẹ̀rù kí Àkànmú má kú mọ́ òun lọ́wọ́. Òun àtọmọ á wá fi omi ọbẹ̀ jẹ ẹ̀kọ.

Èèwọ̀ kan tún wà. Lọ́jọ́ kan tó rẹ Ìbídùn, tó fẹ́ fi igbá sílẹ̀ lóko di ọjọ́ kejì, bàbá lanu. "Háà! Igbá kì í sùn lóko! Iwin á jẹun nínú rẹ̀, á sì wá ẹni tó ni ín délé." Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Òun ló dá a sílẹ̀, kí òun má baà fọwọ́ ara òun gbé igbá.

Ó di ọjọ́ kan, Ìbídùn se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, ó se ọbẹ̀ ẹja tí epo léfòó lórí rẹ̀, ó pọn Àkànmú, ó ru igbá lọ sóko. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó ń wo ẹnu bàbá. Bàbá jẹ ẹyin tán, ó jẹ ẹja tán, ó ń fọ́ orí ẹja lọ́wọ́ nígbà tí Àkànmú na ọwọ́.

"Olè!" ni bàbá wí. "Ẹ ò rí i? Kò tíì jẹ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe bíi tolè."

Ìbídùn dìde láti gba igbá. Òòyì kọ́ ọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbà mí," ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì, kò mira mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, aboyún, nínú oko! Bàbá ké, àwọn ọkùnrin méjì tó ń roko nítòsí sáré dé. Ọ̀kan gbé Ìbídùn, èkejì gbé Àkànmú kọ́ èjìká, wọ́n kọrí sílé lọ bá nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run yọ wọ́n, ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ń wá ni. Bàbá fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí igbá.

Ta ni yóò rù ú? Ẹni tó ń rù ú ni wọ́n ń gbé lọ yẹn.

Ó ní kí òun fi í sílẹ̀. Àmọ́ oòrùn ti ń wọ̀, nǹkan kan sì dún nínú igbó. Ó rántí iwin. Ó mọ̀ pé irọ́ òun ni o, ṣùgbọ́n irọ́ tí èèyàn ti fi ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ tipẹ́, bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ òótọ́. Ó gbé igbá.

Ojú tún ń tì í. Kí ẹgbẹ́ rẹ̀ wá rí i tó ru igbá bí ọmọdé? Ó wá dá ọgbọ́n tí kò gbọ́n: ó da igbá bo orí, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á dé imú, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Epo ìdí igbá nìkan ni kò lá, epo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú rẹ̀, ó gba àgbọ̀n bọ́ sí àyà. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún nínú igbá bíi pé ẹnì kan ń lé e bọ̀. Ló bá ki eré mọ́lẹ̀.

"Iwin, dákun!" ló ń ké. "Kò sí nǹkan nínú rẹ̀! Mo ti jẹ ẹ́ tán!"

Ẹ wo ohun tí àwọn ará abà rí: nǹkan kan tí kò lójú, tí orí rẹ̀ rí róbótó, tí ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ̀, ó ń sáré bọ̀, ó ń bú ramúramù. Àwọn obìnrin da ẹ̀pà nù. Ilẹ̀kùn ń pa dé gbà, gbà. Baálẹ̀ wọ ilé adìyẹ. Bejidé ọdẹ nìkan ló dúró. Ó na ìbọn.

"Dúró! Bí o bá gbé ọwọ́ kúrò lórí yẹn, mo yìn ín! Bí o bá jẹ́ èèyàn, dárúkọ!"

"Ládépò ni!" Ohùn náà ń ró nínú igbá bí ohùn ará ọ̀run.

"Irọ́! Bàbá Ládépò ní ìyàwó ọmọ, ó ní ọmọ-ọmọ. Àgbà tó léèyàn kì í ru igbá, àfi èyí tó jẹun tí kò ṣẹ́kù fún ẹni tí ì bá bá a rù ú. Bàbá wa kò lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀!" Ó fọwọ́ kan ohun ìyìnbọn.

Ìtìjú ni, ikú ni. Bàbá Ládépò yan ìtìjú.

"Bejidé, má yìn ín! Mo jẹ ẹ́ tán ni! Èmi ni mo jẹ ẹyin, èmi ni mo jẹ ẹja, láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń jẹ ẹ́ tán! Ẹyin kì í sọ ọmọ dolè. Èmi gan-an ni olè náà!"

"Ta ló lè jẹ́rìí ẹ?"

Ohùn tín-ín-rín kan dáhùn láti ojú fèrèsé ilé tí nọ́ọ̀sì ti ń tọ́jú Ìbídùn. Àkànmú ni. "Bàbá wa ni," ló wí. "Wọn kì í ṣẹ́kù."

Ìbọn wálẹ̀. Àwọn èèyàn ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n rí ojú ọmọ náà, ẹ̀rín kú sí wọn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì jáde.

"Ìbídùn ti lajú," ló wí. "Ọmọ inú rẹ̀ ń mira. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ o, Bàbá. Ó kù díẹ̀ gan-an."

Bàbá Ládépò sunkún, omijé bá epo pọ̀. Ó ní kí ẹnì kan jọ̀ọ́ kó bá òun sọ igbá kalẹ̀. Wọ́n kàn ń wò ó ni. Òun ló rù ú kọjá lójú gbogbo wọn, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ìbídùn bí obìnrin, tìyá-tọmọ ń bẹ láàyè. Ẹsẹ̀ Àkànmú kò wú mọ́, ó ti ń lé adìyẹ kiri báyìí. Bí oúnjẹ bá dé iwájú bàbá rẹ̀ àgbà, kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, á kọ́kọ́ ké pé, "Àkànmú! Ìbídùn! Ẹ wá mú ẹyin yín o!" Á ké e sókè, kí Bejidé lè gbọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àgbà tó ń wo ẹyin ọmọdé bíi pé èèwọ̀ ló fẹ́ bá a gbé mì, ẹ má bá a jà. Ẹ wo igbá, ẹ wo orí rẹ̀, ẹ bi í bóyá ọdẹ wà nílé. Kí ẹ wá sọ fún un wẹ́rẹ́ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.