Omi Kíkan Dókítà Oyèdọ̀tun

Ẹnu Oyèdọ̀tun, ará àdúgbò wa n'Ílàá, kì í sinmi. Ó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan, ó dé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní nǹkan míì mọ́ àfi Dókítà. A sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Kí la máa ṣe?

Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe sítíríìkì, nǹkan kíkan tí àwọn onísóbò ń bù sí sóbò kó lè ta lẹ́nu. Wọ́n á po omi ṣúgà, wọ́n á jẹ́ kí nǹkan dúdú tó máa ń hù lórí búrẹ́dì tó bu hù bò ó. Nǹkan dúdú náà á jẹ ṣúgà, omi á sì kan. Òótọ́ ni o, kò purọ́ ìyẹn. Fọláyẹmí ìyàwó rẹ̀ ní nǹkan tó bá bu, dídà nù ni. Dókítà ní nǹkan tó bu gan-an layé ń bù mu.

Ó ránṣẹ́ pe àwọn onísóbò pé kí wọ́n wá tọ́ ọ wò. Tí wọ́n bá gbà á, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn á ti máa rà, yóò sì fiṣẹ́ káńsù sílẹ̀. Èmi ló ní kí n wá ya fọ́tò.

Abọ́ méjì ló wà ní yàrá ẹ̀yìn, aṣọ funfun bo méjèèjì. Dókítà, tí kì í dé ìdí àdògán, gbé ọ̀kan jáde sí pálọ̀.

"Láti ọjọ́ tí Ìlá ti wà," ó ní, "ẹnu ẹnì kankan ò tíì kan irú kíkan yìí rí."

Alhaja Bàrákátù, olórí wọn, tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Ó kan. Ọjọ́ mélòó ló gbà yín?"

"Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, Alhaja. Sáyẹ́ǹsì ni."

"Tiwa kì í ju mẹ́ta lọ."

Alhaja ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ abọ́, ó bu nǹkan funfun kan, ó fi ìka ra á. "Kí nìyí?"

"Òkú nǹkan dúdú yẹn ni. Tó bá ti kú, á funfun."

"Wọ́n sẹ́ òkú yìí dáadáa. Kò sí èèrí kankan nínú ẹ̀."

Ibẹ̀ ni Fọláyẹmí ti wọlé. "Ta ló gbé ògì mi wá sí pálọ̀?"

Ẹ̀rín pa wá. Àánú Dókítà ṣe mí díẹ̀, àmọ́ n ò lè di fóònù mú mọ́.

Dókítà sáré gbé abọ́ kejì wá, ó ṣí i. Ó dúdú, ó hu irun. Àwọn tó jókòó bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Èyí gan-an ni," ó ní. "Ẹ tọ́ ọ wò."

Alhaja fi híjáàbù bo imú. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é, Dókítà. Ẹ kọ́kọ́ mu ún. Tẹ́ ẹ bá ti mu ún, gbogbo wa á mu ún, a ò sì ní ra tẹlòmíràn mọ́ láéláé."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú abọ́ títí. Ó wúkọ́.

"Inú ààwẹ̀ ni mo wà."

"Bàbá Hadassah," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣé kẹ́ ẹ tó jẹ iyán àárọ̀ yìí ni ààwẹ̀ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀, àbí ìgbà tẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán?"