Àṣẹ Ààfin Agbóyín fún Kọ̀ǹpútà Tó Kọ̀ Láti Gba Ètò Omi

Ẹ gbọ́ o, ará Agbóyín! Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbé korobá kalẹ̀! Ẹni tí korobá rẹ̀ bá kún, kó rọra gbé e, omi ti wọ́n!

Kábíyèsí ní kí n kí yín. Ó ní ẹ kú ìyà.

Gbogbo wa la mọ̀ pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń darí ẹ̀rọ omi ìlú ti kú. Alángbá ló wọ inú rẹ̀. Alángbá kú, kọ̀ǹpútà kú. A ra tuntun. Ó ń dán, ó fẹ́lẹ́ bí àwo. A kó ètò àtijọ́ tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ omi sínú rẹ̀. Tuntun ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ó kọ̀! Mo ní ó kọ̀!

A rò pé ilé àjèjì ló ń ba ètò náà lẹ́rù. A gbé tábìlì àtijọ́ wá fún un, àti aṣọ ìbòrí àtijọ́. Èmi akéde yìí ni mo ru tábìlì náà, mo sì kúnlẹ̀ kí ètò náà káàbọ̀. A gbé kọ̀ǹpútà kiri àdúgbò kó lè mojú àwọn àgbà, bí a ti ń ṣe fún àlejò tó fẹ́ bá wa gbé. Ó tún kọ̀!

Bẹ́ẹ̀, àwọn aboyún wà nílé ìgbẹ̀bí, wọn kò rí omi lò. Nítorí náà, ààfin pàṣẹ:

Èkíní. Kò sí kọ̀ǹpútà tó gbọ́dọ̀ sọ nílùú yìí pé òun ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ètò kan. Èyí tó bá sọ bẹ́ẹ̀, a ó gbé e sínú oòrùn títí yóò fi gbọ́.

Èkejì. Ètò tó bá ẹ̀rọ kan gbé gbọ́dọ̀ bá gbogbo ẹ̀rọ gbé. Gbogbo ẹ̀rọ! Rédíò Olóyè Ọ̀tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Adégòkè wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Ẹnjiníà Mojírọ́lá, tí a pè wá wo kọ̀ǹpútà náà, gbọ́ àṣẹ méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ àtijọ́ nìkan ni wọ́n kọ ètò náà fún. Ó ní òun yóò tún un kọ, ní èdè tí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà ń gbọ́, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ètò náà ń ṣe. Oníkálùkù nínú ìgbìmọ̀ ọba ń sọ tirẹ̀. Ọ̀tún ní ó ń fa omi. Mojírọ́lá ní ìgbà wo, Bàbá? Ọ̀tún ní ìgbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ wá.

Ẹni tó bá mọ ohun tí ètò náà ń ṣe, kó yọjú sí ààfin. Ẹni tí kò mọ̀ tó ń sọ̀rọ̀, odò ni! Yóò máa pọn omi fún ilé ìgbẹ̀bí títí Mojírọ́lá yóò fi parí iṣẹ́. Gbogbo ìgbìmọ̀ ti wà lódò. Èmi náà ń lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tábìlì.

Ẹ̀kẹrin. Ìyà yìí kò yọ ẹni tó pa àṣẹ èkíní sílẹ̀.

Ẹ yà lọ́nà o! Kábíyèsí ló ń bọ̀ láti odò yẹn. Ó ti bọ́ adé, òṣùká ló wà lórí rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ má bu omi orí rẹ̀ mu, ti àwọn aboyún ni!

Ààfin rán mi, mo ti jẹ́ ẹ. Ẹ yà fún ọba!