Ohun Tó Ń Jẹ Bátìrì Ìyá Fadérera

Ẹ gbọ́ ná. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń pa á lówe pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà? Ẹ̀yin rò pé àgbẹ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oko tó rí kòkòrò. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ẹ má sì bi mí pé ṣé ọkọ̀ ti dáyé nígbà tí òwe náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbádùn ìtàn kì í bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Òkè-Ọsán, Ìyá Fadérera lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹ̀fọ́ ló ń gbìn létí odò: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ó fi píkọ́ọ̀pù kan sílẹ̀ fún un, ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbayawu, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan funfun, tí èkejì sì pupa. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Bí ọjà bá ku ọ̀la, á já ẹ̀fọ́ nírọ̀lẹ́, á kó o sẹ́yìn ọkọ̀, á sì bu omi wọ́n ọn dáadáa kó má baà rọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ó di ọjà.

Ó wá di àárọ̀ ọjà kan, Ìyá yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn "kẹ́", ó sì dákẹ́. Bátìrì ti kú pátápátá. Wọ́n ti ọkọ̀ títí ó fi jí, ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá máa fi dé ọjà, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ra ti ẹlòmíràn lọ. Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ̀fọ́ ọjọ́ náà. Ọjà tó tẹ̀ lé e, bákan náà ló rí.

Lọ́jọ́ kejì ọjà, Ìyá ránṣẹ́ pe Kàmọ́rù, rẹ́wáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lágbègbè náà. Kàmọ́rù mú gílóòbù kékeré kan tó so wáyà mọ́, ó tú wáyà kan lórí bátìrì, ó fi gílóòbù náà sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ìyá, bí nǹkan kan bá ń jẹ iná yìí níkọ̀kọ̀, gílóòbù yìí á tàn."

Kò tàn.

"Kò sóhun tó ṣe ọkọ̀ yín, Ìyá."

"Kò sóhun tó ṣe é, ó sì ń kú?"

"Fíúsì kan ló jó. Mo ti fi wáyà tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn ò lè jó mọ́ láéláé."

Ó rò pé òun ṣiṣẹ́ gidi. Kò mọ̀ pé igbe ewu ni fíúsì náà ń ké, òun wá fi wáyà dí i lẹ́nu.

Ọjọ́ ọjà pé, ọkọ̀ tún kú. Kàmọ́rù tún dé lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ẹ̀fọ́ kúrò. Gílóòbù ò tàn. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì. Tuntun náà kú. Ó wá di pé gbogbo ọjọ́ tí Ìyá ò bá níbi tó ń lọ, ọkọ̀ á jí kíá bí àkùkọ. Ọjọ́ ọjà nìkan ló ń kú.

Ìyá Fadérera bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀gbẹ́ ilé. Bàbá Ajíbóyè ni aládùúgbò rẹ̀, télọ̀ tó ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Bàbá náà ní rédíò ńlá kan tí kì í sinmi, ní àárọ̀ ọjà gan-an ló sì máa ń ké jù. Ìyá ronú títí, ó lọ dúró lẹ́bàá ògiri.

"Bàbá Ajíbóyè, ẹ yọ wáyà yín kúrò lára ọkọ̀ mi o!"

"Wáyà wo?"

"Èyí tí ẹ fi ń fa iná bátìrì mi, tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn!"

Bàbá gbé rédíò jáde, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. "Bátìrì tọ́ọ̀ṣì nìyí. Ìyá Fadérera, èmi tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó yín, èmi lẹ wá ń pè lólè?"

Láti ọjọ́ náà, wọn ò kíra mọ́. Tẹ́lẹ̀, Ìyá a máa gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kọjá lórí ògiri fún Bàbá, nítorí pé Bàbá ń dágbé. Bàbá náà ló máa ń pariwo bí òjò bá ṣú, kí Ìyá lè ká aṣọ. Báyìí, Bàbá ń mu gàrí, òjò sì ń pa aṣọ Ìyá. Inú ẹnikẹ́ni ò dùn nínú wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?

Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Baálẹ̀ ní, "Bó bá tún kú, ẹ gbé ọkọ̀ náà wá bó ṣe wà. Ẹ ò gbọdọ̀ tún un ṣe."

Àárọ̀ ọjà ni. Wọ́n ti ọkọ̀ náà wọ àgbàlá baálẹ̀ tòun ti ẹ̀fọ́ tútù lẹ́yìn. Nítorí pé bátìrì ti kú, wọ́n yá ti ọkọ̀ baálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kàmọ́rù gbé e sí i, ó fi gílóòbù sáàárín. Gílóòbù tàn yòò!

Bàbá Ajíbóyè fò sókè. "Ẹ wò ó! Rédíò mi wà nílé! Ta ló wá ń jẹ ẹ́ níhìn-ín?"

"Baálẹ̀ wa, kòkòrò kan ló wà nínú ọkọ̀ yìí," ni Kàmọ́rù wí. "Ẹ jẹ́ kí n wá a."

Ó yọ wáyà iná iwájú, gílóòbù ṣì ń tàn. Ó yọ ti họ́ọ̀nù, ó ṣì ń tàn. Ó yọ ti iná ẹ̀yìn, gílóòbù kú. Inú Kàmọ́rù dùn. Kó lè dá a lójú, ó dá wáyà náà padà, ó mú gílóòbù kúrò, ó so bátìrì tààrà. Wáyà rẹ̀ tó nípọn, èyí tí kò lè jó láéláé, kò sì jó lóòótọ́.

Kò pẹ́ tí baálẹ̀ fi ń fimú gbóòórùn. "Ta ló ń se ẹ̀fọ́ láàárọ̀ yìí?"

Èéfín ti ń yọ lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ̀fọ́ mi o!" Ìyá figbe ta. Kàmọ́rù já wáyà orí bátìrì, Bàbá Ajíbóyè ló sì kọ́kọ́ gun ọkọ̀, tó ń ju ẹ̀fọ́ sílẹ̀ gìrìgìrì. Ẹ̀fọ́ òkè tutù yọ̀yọ̀. Ti àárín ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ti ìsàlẹ̀ ti jinná múlọ́múlọ́, ata àti iyọ̀ nìkan ló kù. Nídìí rẹ̀ ni wọ́n ti rí wáyà iná ẹ̀yìn, tí awọ rẹ̀ ti bó. Bí ẹ̀fọ́ tó mumi bá wúwo lé pákó ilẹ̀ ọkọ̀, pákó á tẹ wáyà mọ́ irin. Bí wọ́n bá kó ẹ̀fọ́ kúrò, wáyà á dìde. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù Kàmọ́rù kò fi rí i.

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kó tó rántí. "Kàmọ́rù, bátìrì tèmi ńkọ́?" Kàmọ́rù fọwọ́ kàn án, ó yára fa ọwọ́ padà. Ẹ̀rín baálẹ̀ tán.

"Ìyá Fadérera," ni baálẹ̀ wí, "kòkòrò tí o wá dé ilé aládùúgbò, ìdí ẹ̀fọ́ rẹ ló wà."

Ìyá kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Ajíbóyè. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mo ṣì yín mú."

Bàbá wo ẹ̀fọ́ tó wà nílẹ̀. "Èyí tó ti jinná yìí, ṣé ẹ fẹ́ dà á nù ni?"

Wọn ò dà á nù. Ìyá fi irú sí i, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ na ìka sí aládùúgbò ní Òkè-Ọsán, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ kó ẹrù tirẹ̀ kúrò lórí ọkọ̀ ná. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ti Òkè-Ọsán tiẹ̀ máa ń sè é kó tó jẹ ẹ́.