Orí Mi Lórí Yìnyín

Ọjọ́ tí mo wọ agbádá gun òkè yìnyín nílẹ̀ Súwísáláǹdì kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi sin mí.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ wa ló rán mi lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé sì ti ń gùn mí díẹ̀. Mo ń fẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, oníkòkó kan ní Àgọ́-Ìwòyè, ní gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó bíi tèmi ló ń pe ara rẹ̀ ní akọ̀wé. Ó ní kí n fi ẹ̀rí hàn pé mo dé ibi tí ẹnìkan ò dé rí. Mo pinnu láti ya fọ́tò tí yóò pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà ìsinmi, èmi àti Ràṣíìdì, ọmọ Ìwópin tó ní kámẹ́rà, bá àwọn òyìnbó lọ wo odò ńlá kan tó ti di yìnyín gbagidi láàárín òkè. Kóòtù tó nípọn ni gbogbo wọn wọ̀. Èmi wọ agbádá funfun, ṣòkòtò funfun, fìlà funfun.

Ràṣíìdì wò mí. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé Àbẹ̀kẹ́ lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí òtútù?"

Òyìnbó tó ń mú wa lọ fẹ́ so mí mọ́kùn pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo kọ̀, akọ̀wé kì í ṣe ewúrẹ́. Ní ìṣísẹ̀ kẹta, bàtà funfun mi tó ń dán yọ̀, mo fìdí lélẹ̀. Bí mo ṣe dìde, atẹ́gùn kó sínú agbádá, ó wú bí ìgbòkun, ó bá ń wọ́ mi lọ sísàlẹ̀.

"Ràṣíìdì, gbà mí o!"

"Fara balẹ̀, mò ń tún kámẹ́rà ṣe!"

Ìyá àgbà òyìnbó kan ló fi ọ̀pá rẹ̀ kọ́ ọrùn agbádá mi. Wọ́n so mí mọ́kùn lábẹ́ agbádá wàyí, mi ò jiyàn. Ràṣíìdì ń pariwo, "Àgbò Iléyá rèé o!" Síbẹ̀, mo dúró, mo na apá, mo fi eyín tó ń gbọ̀n rẹ́rìn-ín. Ó yà á. Òtútù dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́yìn náà, Ràṣíìdì ló bá mi fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Àbẹ̀kẹ́ nílé. Mi ò fojú kàn án.

Lẹ́tà Àbẹ̀kẹ́ dé. Agbádá funfun, yìnyín funfun: ojú mi àti ọwọ́ mi méjèèjì nìkan ló hàn nínú fọ́tò.

"Bàbá wò ó títí," ni ó kọ. "Wọ́n ní, 'Orí àfẹ́sọ́nà ẹ rèé, ara ẹ̀ ńkọ́?' Wọ́n gbé e lọ sí ìjọ Aládùúrà wa. Wòlíì ní ìran ni. Gbogbo ìjọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí yín."

Nígbà tí mo padà dé, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n tẹ èjìká mi, wọ́n tẹ ikùn mi, wọ́n ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè. Wọ́n wá ké sínú ilé pé, "Ó pé! Ẹ gbé àga wá."

Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí mi dòní. Mo ti kọ́gbọ́n: ẹni tó bá fẹ́ kí ayé rí òun, kó kọ́kọ́ wo àwọ̀ ibi tó dúró sí. Bí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe níwájú Àbẹ̀kẹ́. Òun náà gba ààwẹ̀ yẹn.