Mẹ́rìnlá àti Mẹ́sàn-án Kì í Ṣe Mọ́kàndínláàádọ́jọ: Òfin Tuntun Nílùú Àmùrẹ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o!

Ará Àmùrẹ́, tọkùnrin tobìnrin, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń fọ eyín, kó tu omi ẹnu rẹ̀ dànù kó wá gbọ́. Ẹni tó ń wẹ̀, kó fi ọṣẹ sílẹ̀ lójú kó wá gbọ́. Kábíyèsí Alámùrẹ́ ló rán akéde. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dùn, ẹnu ọba ló ti wá. Bí kò bá dùn, ẹnu ọba náà ló ti wá. Ẹ má bínú sí agogo!

Kábíyèsí ní kí akéde tó ka òfin, kó kọ́kọ́ ròyìn ohun tó bí òfin, nítorí àhesọ ti pọ̀ jù. Àwọn kan ń sọ pé kọ̀ǹpútà ààfin ya wèrè. Àwọn kan ní àǹjọ̀nú ló wọ inú tàǹkì. Irọ́ ni! Irọ́ ni! Bó ṣe jẹ́ nìyí.

Gbogbo yín lẹ mọ Ìbíyẹmí, ọmọ Bàbá Àkànó tó ń tún rédíò ṣe. Òun ló kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, tó padà wálé nígbà tí ara ìyá rẹ̀ ò yá, tí kò sì padà lọ mọ́. Ẹ ò tíì gbàgbé ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá pẹ̀lú, nígbà tí ìjà omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìlú yìí ká. Tàǹkì kan ṣoṣo ló wà lórí òkè. Adúgbò tó bá tètè jí lọ ṣí páìpù ló ń rí omi lò; adúgbò tó bá sùn, eruku ló ń bù. Ìgbìmọ̀ ìlú wá pinnu pé kí kọ̀ǹpútà máa pín omi: kó máa ṣí páìpù agboolé kọ̀ọ̀kan fún iye ìṣẹ́jú tó bá iye ènìyàn inú rẹ̀ mu.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé láti ìlú ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n èdè tó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, èdè tó le ni. Nínú èdè yẹn, o ò gbọdọ̀ gbé àpótí kan, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, kalẹ̀ láìkọ ọ́ sí i lára pé nọ́ńbà nìkan ni yóò gbà, tàbí ọ̀rọ̀ nìkan. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣèèṣì wọ àpótí nọ́ńbà, iṣẹ́ ò ní bẹ̀rẹ̀ rárá. Oṣù mẹ́jọ kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ṣì ń kọ lẹ́tà sí ààfin. Ó béèrè bóyá irú kan náà ni ilé àti agboolé. Ó béèrè bóyá àlejò tó sùn mọ́jú ti di ará ilé. Ọjọ́ tó béèrè bóyá irú ènìyàn ni kí òun kọ Kábíyèsí sí tàbí irú mìíràn tó dá dúró, ọjọ́ náà ni wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbíyẹmí gbọ́, ó wá sí ààfin, ó ní òun lè ṣe é. Èdè tirẹ̀ kì í bi àpótí léèrè nǹkan kan. Bó o kó nọ́ńbà sí i, ó gbà. Bó o kó orúkọ sí i, ó gbà. Bó o fi nọ́ńbà síbẹ̀ láàárọ̀ tó o fi orúkọ rọ́pò rẹ̀ lọ́sàn-án, kò ní bi ọ́ pé kí ló dé. Ọjọ́ mẹ́rin! Ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi parí ohun tí oṣù mẹ́jọ ò parí! Ó rìn láti ojúlé dé ojúlé, ó ka ènìyàn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà wọn sínú ètò náà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ déédéé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó la korobá mọ́ ẹnikẹ́ni lórí nílùú yìí.

Ni Olóyè Ọ̀tún, alága ìgbìmọ̀ omi, bá mú àbá wá. Ó ní àlejò ń dé, ọmọ ilé-ìwé ń lọ, iye ènìyàn kì í dúró sójú kan, kí olúkúlùkù máa fi fóònù kọ iye ará ilé rẹ̀ ránṣẹ́ láràárọ̀: kí ó kọ iye àgbà sí àyè kan, kí ó kọ iye ọmọdé sí ìkejì. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Ìbíyẹmí ti tún ètò náà ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní ààfin. Bó ti ń lọ sílé, ó rántí pé òun ò tíì dán an wò. Ó tún rántí pé gbogbo àyípadà tí òun ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí, kò sí èyí tó kọ́ òun lẹ́sẹ̀. Orí rẹ̀ wú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó lọ jẹun.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa o! Ibí ni wàhálà wà! Ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ sórí fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà lójú wa, bí ọ̀rọ̀ ló ṣe ń dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí èdè Ìbíyẹmí bá rí nọ́ńbà méjì, ó ń ro wọ́n pọ̀. Bó bá rí ọ̀rọ̀ méjì, ńṣe ló ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. 1 àti 1 ò jẹ́ 2 mọ́, ó di 11. Kò pariwo. Kò kọ̀. Ó gbà á bó ṣe ń gba gbogbo nǹkan.

Agboolé Ọ̀tún ní àgbà 14 àti ọmọdé 9. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sílẹ̀ ní 149. Mọ́kàndínláàádọ́jọ ènìyàn nínú agboolé kan! Ìyá Àjíún, opó tó ń dá gbé, kọ 1 fún àgbà, ó kọ 0 fún ọmọdé, ó di 10. Ìyá gba omi ènìyàn mẹ́wàá, ó kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ, ó ní Ọlọ́run ti dá òun lóhùn. Tíṣà Ògúnṣẹ̀yẹ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò kọ 2, ó kọ 3, wọ́n fún un lómi ènìyàn mẹ́tàlélógún. Tíṣà mọ̀ pé ìṣirò yìí ò pé. Ó lọ wá dúrọ́ọ̀mù sí i. Ọjọ́ méjì gbáko ni gbogbo ìlú fi ń yọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ibi tí ayọ̀ ti ń wá, tí wọn ò sì wo bí omi tàǹkì ṣe ń lọ sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Bàbá Láṣebíkan ará Òkè Ẹ̀gan mú fóònù rẹ̀. Ó kọ 5 sí àyè àgbà. Nígbà tó dé àyè ọmọdé, ó rò ó pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Èdè Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ì bá ti dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Èdè Ìbíyẹmí gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ṣí páìpù Bàbá, ó wá ń dúró kí ìṣẹ́jú pé iye tí kì í ṣe iye. Páìpù ò tì. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, tàǹkì ìlú ti gbẹ.

Ìsàlẹ̀ Odò ni omi ń dé kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni ilé ìgbẹ̀bí wa wà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ṣùwébátù aránṣọ ń rọbí níbẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù Ọláìfá yí ẹ̀rọ omi, afẹ́fẹ́ ló hó jáde. Ó pe Ìbíyẹmí lórí fóònù. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ìbíyẹmí, mo ní aboyún kan tó ń rọbí lórí bẹ́ẹ̀dì, omi kẹ́tùlù kan ló sì kù mí kù. Níbo lẹ gbé omi lọ?"

Ìbíyẹmí ṣí kọ̀ǹpútà. Ó rí 149. Ó rí 10. Ó rí orúkọ Ọlọ́run níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà. Ó mọ̀ pé ìlà kan ṣoṣo ni àtúnṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe ò lè pọn omi. Ó pa páìpù Bàbá Láṣebíkan, ó gbé korobá, ó sáré lọ sí agboolé Ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti ń fi omi wẹ ewúrẹ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bu omi, ó gbé e rù. Àwọn ìyàwó Ọ̀tún bi í pé kí ló dé. Nígbà tó sọ fún wọn, àwọn náà gbé ìkòkò omi. Bàbá Láṣebíkan gbọ́, ó gbé garawa, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Wọ́n tò dé Ìsàlẹ̀ Odò. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Ṣùwébátù bí ọmọbìnrin. Ara ìyá yá, ara ọmọ yá, ohùn ọmọ náà sì le ju ti akéde lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ààfin kún. Ọ̀tún dìde, ó ní kí wọ́n lé èdè náà kúrò nílùú pẹ̀lú ẹni tó ń sọ ọ́, kí wọ́n lọ bẹ Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé. Bàbá Àkànó wà lẹ́yìn, ó tẹ orí ba. Àwọn kan ti yọ́ sọ fún Ìbíyẹmí pé kó di ẹ̀bi ru Bàbá Láṣebíkan, arúgbó tí kò mọ fóònù tẹ̀. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀.

Ó ní, "Kábíyèsí, Bàbá ò jẹ̀bi. Èdè yìí gbà mí láyè kí n yára, mo sì yára. Àyẹ̀wò tí èdè Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ń fi dandan ṣe, èmi lèyí fi í sílẹ̀ fún. Mi ò ṣe é."

Kábíyèsí kọjú sí Mátírọ́ọ̀nù, ó bi í pé kí ni ó fẹ́. Mátírọ́ọ̀nù ní, "Kábíyèsí, aboyún mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ mi. Kò sí èyí tó lè dúró de oṣù mẹ́jọ nínú wọn."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kábíyèsí wọ ìyẹ̀wù lọ. Nígbà tó máa jáde, òfin ló kó jáde.

Ẹ gbọ́ òfin o! Ẹ gbọ́ òfin!

Òfin kìíní! Nọ́ńbà ni nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀! Ẹ̀ṣọ́ ti wà lẹ́nu àyè méjèèjì báyìí, yóò máa bi ohun tó ń wọlé pé irú kí ni ọ́. Ẹni tó bá kọ "àwa díẹ̀" tàbí "a pọ̀", yóò dúró sídìí páìpù, yóò ka ará ilé rẹ̀ sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí kan àna tí kò fẹ́ràn. A mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọlọ́mọ ni yóò fúnra rẹ̀ kà á!

Òfin kejì! Títò kì í ṣe àròpọ̀! Títò kì í ṣe àròpọ̀! Ẹnikẹ́ni tó bá to ọ̀kan ti ọ̀kan tó pè é ní mọ́kànlá, yóò ka ẹ̀wà kóńgò kan lójú ọjà, hóró kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ṣe é, ẹni tó ni ín ni yóò bá a kà á.

Òfin kẹta! Ẹni tí omi rẹ̀ bá pọ̀ jù tó bá pa ẹnu mọ́, yóò ru omi náà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí fún ọjọ́ méje. A ò ní dárúkọ tíṣà kankan mọ́. A ti dá a lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Àjíún nìkan la yọ sílẹ̀, nítorí ó ti pín omi tirẹ̀ fún aládùúgbò kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

Òfin kẹrin! Olóyè kankan ò gbọdọ̀ lé èdè tí kò gbọ́ kúrò nílùú! Ẹni tó bá dán an wò, yóò kọ́ èdè náà. Ọ̀tún yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Kó gbé bẹ́ńṣì tirẹ̀ dání.

Òfin karùn-ún! Ètò kankan ò gbọdọ̀ pín omi láìjẹ́ pé a ti fi ilé kékeré dán an wò, ká fi ilé ńlá dán an wò, ká sì fi ilé ẹni tí yóò kọ ìkọkúkọ dán an wò. Nítorí èyí, Bàbá Láṣebíkan ti di Olóyè Akọkúkọ ti Àmùrẹ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni yóò máa kọ ohun tí kò yẹ síbi tí kò yẹ. Bàbá dọ̀bálẹ̀, ó béèrè bóyá fìlà bá oyè náà wá. Ìyàwó rẹ̀ ní iṣẹ́ tó ti ń ṣe nínú ilé láti ogójì ọdún ni ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

Òfin kẹfà jẹ́ ti Ìbíyẹmí. Kábíyèsí ò kọ ìyà kankan síbẹ̀. Ó ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìbíyẹmí ní kí wọ́n gbé Ìsàlẹ̀ Odò ṣíwájú gbogbo ilé, títí kan ààfin, àti pé láràárọ̀ òun ni yóò máa lọ fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ ilé ìgbẹ̀bí; bí omi ò bá yọ níbẹ̀, kó má yọ níbikíbi. Kábíyèsí tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Òní ni ọjọ́ kẹta. Akéde gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí, ó bá a níbi tó ti ń yí ẹ̀rọ, tó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ rẹ̀, tó ń dúró.

Omi yọ.

Akéde ti jẹ́ iṣẹ́ ọba. Kò bù mọ́ ọn, kò bù kúrò nínú rẹ̀. Etí tó gbọ́, kó ta etí tó sùn lólobó. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́, ìyà yóò gbọ́ tirẹ̀. Ẹ yà fún agogo, Òkè Ẹ̀gan ló kàn!