Bí Ọláníran Àjàgbé Ṣe Ṣẹ́gun Àpótí Oníkílò Mẹ́tàlélógún

Ẹni tó ru igbá kó sọ ọ́ kalẹ̀, ẹni tí òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tètè gbé e mì, nítorí iṣẹ́ akin ni mo fẹ́ ròyìn yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu tó dí gbọ́ ọ.

Ọláníran Àjàgbé ni mo ń wí, ọmọ Ilé Olókè ní Ìràgbìjí, ọmọ àwọn tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó máa dé Mẹ́kà, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé ara wọn. Ọmọ-ọmọ Àjàní tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo pé òun ń lọ sí Kánò, tó bọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀fà nítorí ó rántí pé òun kò ti ilẹ̀kùn òun. Ọmọ Ràímì tó dé Èkó láàárọ̀, tó wo ọ̀sà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ní omi yìí ti pọ̀ jù fún ẹni tí kò ní ẹja, tó sì ti padà dé ilé kí ọbẹ̀ alẹ́ tó hó. Àjò ò dùn kónílé má relé: ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibòmíràn ń fi ṣe òwe ni àwọn ará Ilé Olókè sọ di òfin.

Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni akin yìí ti jáde. Ó kàwé ní yunifásítì, ó ń bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, kò sì sí àdììtú tó rí tí kì í fẹ́ tú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó tú àlọ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi tó fẹ́ kó ẹkùn, ewúrẹ́ àti ewé iṣu sọdá odò láìjẹ́ kí ọ̀kan jẹ ìkejì. Nígbà tó wá pé ọdún márùndínlógójì, tó ti gbé Mopélọ́lá níyàwó fún ọdún mẹ́jọ láìmú un rìn kọjá Ìlọrin, ó dìde dúró bí ìrókò, ó ní àwọn méjèèjì ń lọ sí Táílándì fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko.

Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ṣètò ogun yìí. Ó ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan tó nípọn bí bíríkì, ó sì kọ gbogbo ètò sínú rẹ̀: oṣù tí òjò ń rọ̀ ní ìhà òkun ti òsì àti oṣù tó ń rọ̀ ní ti ọ̀tún, wákàtí tí oòrùn ń yọ, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù wo, ibi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì títí dé ibi tí omi òkun ti ń fọwọ́ kan iyanrìn. Ojú ìwé kẹtàlélọ́gọ́ta sọ aago tí wọn yóò mu omi àgbọn. Èyí tó tẹ̀ lé e sọ aago tí wọn yóò sinmi lẹ́yìn omi àgbọn náà. Àwọn ọ̀gágun ayé àtijọ́ tó dó ti ìlú fún ọdún mẹ́ta, èwo nínú wọn ló mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà níwájú òun?

Àmọ́ ogun tí Ọláníran kò kọ sínú ìwé ni ogun tó jà á. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà fún àwọn méjèèjì kò fàyè gba ju àpótí kan ṣoṣo lọ, àpótí náà kò sì gbọdọ̀ wúwo ju kílò mẹ́tàlélógún. Ọjọ́ tí wọ́n gbé àpótí náà wọlé ni Mopélọ́lá ti fi ìdajì rẹ̀ ṣe tirẹ̀, nítorí ó ti rán aṣọ òdòdó mẹ́rin tó fẹ́ wọ̀ ní etí òkun, ó sì ti ń ka ọjọ́. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó bá a jiyàn títí ọkọ rẹ̀ fi lọ dágbére fún mọ̀lẹ́bí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a lẹ́bi. Ọmọ tí a kọ́ ní ilé kì í rìnrìn àjò láìfi tó àgbà létí. Àwọn àgbà gbọ́, wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kú ní Táílándì. Ó ní kò sí. Wọ́n béèrè bóyá iṣẹ́ ni, bóyá ìwòsàn ni, bóyá ó ní ọmọ kan níbẹ̀ tí wọn kò mọ̀. Nígbà tó ní àwọn kàn fẹ́ lọ jókòó sí etí omi ni, kí àwọn sì padà, Mọ́gàjí Ilé Olókè, Bàbá Lámidi, bọ́ fìlà rẹ̀, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìdáhùn níbẹ̀, ó sì tún un dé.

“Ta ni baálé ilé tí ẹ ó dé sí?”

“Òtẹ́ẹ̀lì ni, Bàbá.”

“Mo gbọ́. Ta ni baálé òtẹ́ẹ̀lì náà?”

Ọláníran ní òun kò mọ̀ ọ́n. Mọ́gàjí mi orí sí ọmọ tó kàwé tí kò béèrè. Ó ní Ilé Olókè kì í fi ọwọ́ méjèèjì ṣófo wọ ilé onílé, bí onílé náà tilẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ayé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó gbóná, iṣu ńlá mẹ́fà ti dé, iṣu tó ṣe gbọngbọn bí itan erin, pé kí wọ́n kó wọn fún baálé òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sì sọ fún un pé Mọ́gàjí kí i.

Bí iṣu ṣe dé ni Ìyá Bíọ́lá, ẹ̀gbọ́n bàbá Ọláníran lóbìnrin, wọlé pẹ̀lú àpò èlùbọ́ kan, pé kí wọ́n bá òun mú un fún Bíọ́lá ọmọ òun. Ọláníran fi sùúrù ṣàlàyé pé Malésíà ni Bíọ́lá wà, pé ìlú ọ̀tọ̀ ni.

“Ṣé Malésíà kì í ṣe òkè òkun ni?”

“Òkè òkun ni, Ìyá, ṣùgbọ́n...”

“Táílándì ńkọ́? Ṣé oko ẹ̀yìn ilé wa ni? Tí o bá débẹ̀, ṣáà béèrè. Ọmọ pupa ni, ó ga.”

Ìyá tó bí Ọláníran kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní tirẹ̀. Ó gbé gààrí, ata gbígbẹ àti irú kalẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ àkekèé, ó sì lọ. Bí akin wa ṣe di ẹni tí kò lè sọ pé rárá nìyẹn, nítorí ẹrù tí àgbà bá rán ọmọ, ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ìran rẹ̀ ni yóò máa gbọ́ ọ. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí. Aṣọ òdòdó mẹ́rin sì bá ara wọn lórí àga.

Mopélọ́lá kò pariwo. Ó ká aṣọ rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣe àdúrà fún wọn.

“Ìdajì àpótí yẹn, tèmi ni. Bí iṣu bá gba ibẹ̀, kí iṣu bá ọ lọ.”

Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ òfuurufú ń gbéra. Ọjọ́ Ajé lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Níwájú akin, ìyàwó tó ń bínú. Lẹ́yìn rẹ̀, àgbà mẹ́ta tí kò ṣeé kọ ẹrù wọn. Ẹkùn, ewúrẹ́ àti ewé iṣu ti di eré ọmọdé.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ bí ọ̀tá rẹ̀ ti wúwo tó. Òṣùwọ̀n tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò sí ní àdúgbò, àfi èyí tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ọwọ́ ní ilé ìwòsàn àwọn aláboyún, èyí tó ń so rọ̀ láti àjà bí agogo, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ju kílò márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú tí í ṣe ọjọ́ ìwọ̀n, Ọláníran ru àpótí, ó sì tò sí ẹ̀yìn àwọn ìyá ọlọ́mọ mẹ́tàdínlógún. Wọ́n bi í pé oṣù mélòó ni tirẹ̀. Wọ́n bi í pé ṣé ó ti ń fún un ní oúnjẹ àgbà ni. Ìyá ìbejì kan ní òun máa bá a fún un lọ́mú bó bá sunkún. Gbogbo ọfà wọ̀nyí ba akin, kò sì yẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹniọlá, obìnrin tó fi ojú líle bo inú rere, gbé àpótí kọ́ ìkọ́. Ọwọ́ òṣùwọ̀n fò bí ejò tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọjá márùndínlọ́gbọ̀n, ó lọ forí sọ ìparí, ó sì ń gbọ̀n níbẹ̀.

“Ẹ sọ ọmọ yín kalẹ̀, Bàbá Àpótí, kó má ba òṣùwọ̀n ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.”

Ọláníran sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí. Ó ronú títí iwájú orí rẹ̀ fi ń dán bí abọ́ tánganran. Nígbà náà ló rí Nọ́ọ̀sì tó la ẹnu ọmọdé kan, tó kán oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ sí i, ẹ̀kán méjì péré, tó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ti tó. Ẹ̀kán méjì! Kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì kan, kì í ṣe agbada; ẹ̀kán méjì tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, ó sì ti tó láti máa ṣọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà títí yóò fi di bàbá àgbà. Akin wa dìde. Bí àgbọ̀nrín tó gbóòórùn omi ló ṣe gba ọ̀nà Ilé Olókè lọ, àpótí lórí, òógùn lójú.

Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Mọ́gàjí, kò mẹ́nu kan kílò rárá. Ó béèrè pé nígbà tí àwọn bàbá wa bá ń ránṣẹ́ sí ọba ìlú òkèèrè, ṣé wọ́n ń ru iṣu ni, àbí àrokò ni wọ́n ń fi rán ìránṣẹ́.

Bàbá Lámidi gbéra kúrò lára ògiri tó fara tì. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní ìbéèrè nípa àrokò, ọgbọ̀n ọdún tí ìmọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀ bí aṣọ òkè nínú àpótí. Ó sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí oòrùn wà lórí títí ó fi wọ ẹ̀yìn òkè. Lẹ́yìn náà ló gba ọ̀bẹ, ó gé orí iṣu kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó fi òwú funfun àti pupa dì í, ó ní ọba tó bá gbọ́n yóò rí i pé odidi oko ni òun fi ránṣẹ́. Ìyá Ọláníran, tó ti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú Ìyá Bíọ́lá, mú ata kan àti wóró irú mẹ́ta dípò gbogbo ẹrù tirẹ̀. Ìyá Bíọ́lá nìkan ló kọ̀, ó ní ṣé ṣíbí kan ni kí ọmọ òun jẹ ní ilẹ̀ àjèjì.

Mọ́gàjí dá a lóhùn pé, “Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Àbí Bíọ́lá kì í ṣe ọmọlúàbí ni?”

Ta ni ìyá tó máa dáhùn ìyẹn? Ó gbà pé kí wọ́n fi ṣíbí èlùbọ́ kan sínú àpòòwé, kí Ọláníran fi í ránṣẹ́ sí Malésíà láti ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ́tà Táílándì. Kìkì pé ó lọ mú ṣíbí tirẹ̀ wá, ṣíbí náà sì fẹ̀ bí ọkọ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Nọ́ọ̀sì Ẹniọlá ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ ìwọ̀n. Mọ́gàjí wá jẹ́rìí. Mopélọ́lá náà wá, kò sì sọ bóyá òun ń lọ tàbí òun kò lọ. Aṣọ òdòdó mẹ́rin ti wà ní ìdajì tiwọn, pẹ̀lú bàtà, ìpara àti gbogbo nǹkan mìíràn tí Mopélọ́lá kó lé wọn lórí. Àpótí gun ìkọ́. Ọwọ́ òṣùwọ̀n rọra yí, ó kọjá ogún, ó dé mẹ́tàlélógún, ó kọjá rẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró ní mẹ́rìnlélógún gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ọba tó kọ̀ tí kò gba ẹ̀bẹ̀.

Kílò kan ló kù. Ọláníran ṣí àpótí. Ó wo ìdajì ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wo òun náà; ó yára gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó wo àrokò, Mọ́gàjí wúkọ́. Ó wo ìdajì tirẹ̀: ṣòkòtò méjì, ẹ̀wù mẹ́ta, àti ìwé ẹlẹ́yìn líle náà, oṣù mẹ́sàn-án ayé rẹ̀, ètò gbogbo ètò. Akin tó ju idà sílẹ̀ ṣòro rí, àmọ́ èyí tó ju àwòrán ilẹ̀ ogun sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju ojú lọ. Ó fà á yọ. Ọwọ́ òṣùwọ̀n sọ̀kalẹ̀, ó sì dúró lórí mẹ́tàlélógún, ṣánṣán, bí ẹyẹ tó bà sórí ẹ̀ka tó mọ̀.

N kò ní parọ́ fún yín: ó gbìyànjú láti fi ìwé náà há abíyá. Mopélọ́lá nawọ́, ó sì rọra yọ ọ́.

“Ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ dì mú,” ló wí. “Iṣu ò bá ọ lọ mọ́. Èmi ni.”

Ó gbé ìwé náà fún Mọ́gàjí. Bàbá ṣí i sí ojú ìwé kẹtàlélọ́gọ́ta, ó sì ní òun ni yóò máa mu omi àgbọn ní aago yẹn ní Ìràgbìjí, kí ètò má bàa bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì mú káàdì ọmọ ọwọ́ kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àpótí Àjàgbé, kílò mẹ́tàlélógún, ara rẹ̀ le.

Nítorí náà, kí gbogbo ayé gbọ́, kí òkè Ìràgbìjí sì gbà á sọ: láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe Ilé Olókè ní ilé àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀fà. Akin ti dìde níbẹ̀ tó fi orí iṣu kan tẹ́ àgbà lọ́rùn, tó fi ìwé kan ra ìyàwó rẹ̀ padà, tó sì borí kílò kan ṣoṣo tó kù. Ó ń lọ sí Táílándì pẹ̀lú ọwọ́ kan tó dì mú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ àti ọwọ́ kejì tó fa àpótí, kò sì mọ aago tí òun yóò mu ohunkóhun.

Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ńkọ́? Ó tì í. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà lọ wò ó.